Ọmọ Tó Bọ́ Sínú Kànga

"Ó ti bọ́! Yéè, ó ti bọ́!"

Sànúsí Àkànó ṣì na ọrùn sórí kànga ilé ìwòsàn Iléṣà, ó fi ọwọ́ kan di okùn garawa mú, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ tó ti ṣófo. Ariwo tí nǹkan náà pa kò tó nǹkan. Ó dún tọ́, omi gbé e mì, ó parí. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló lọ yẹn. Omi tí yóò bù fún ẹ́ńjìnnì ló wá fà, nítorí ọkọ̀ Mọ́rísì rẹ̀ ti gbó, kì í rìn láti Òṣogbo dé Iléṣà kí ó má bèèrè omi bí arúgbó tó gun òkè.

Obìnrin kan tí ó ń dúró de okùn bá a yọjú wo inú kànga.

"Ẹ fi sílẹ̀, bùọ̀dá," obìnrin náà wí. "Garawa tèmi wà níbẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Kànga yìí kì í dá nǹkan padà."

Sànúsí jókòó sí etí kànga. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe rírẹ̀ òní nìkan. Láti ìgbà tí èéyi ti dá Làbákẹ́ ọmọ rẹ̀ dúbúlẹ̀, kò tíì sun oorun tó yanjú. Bí ó bá gbé èrò láàárọ̀, yóò sáré wá sí Iléṣà lọ́sàn-án, yóò tún padà sí Òṣogbo nírọ̀lẹ́ lọ wo ojú ìyá rẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ yẹn ló sì le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Làbákẹ́ ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí èéyi mú un, Ìyá Àgbékẹ́, ìyá tó bí Sànúsí, ní kí wọ́n gbé e pa mọ́ sínú yàrá, kí wọ́n máa fi omi ewé wẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn án. Gbogbo àgbà ló mọ̀, ó ní, pé wọn kì í gún eléèyi lábẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá gún un, èéyi á wọnú, ó di kí á gbẹ́lẹ̀. Julianah, ìyàwó Sànúsí, wo ọmọ náà títí, ó rí i pé èémí rẹ̀ ń já, ó sì pọ̀n ọ́n, ó ní ilé ìwòsàn Iléṣà ni òun ń gbé e lọ. Ọmọ Ifẹ̀wàrà ni Julianah, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti tọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ agbo ilé àwọn Sànúsí, tí gbogbo wọn jẹ́ Mùsùlùmí, Ìyá Àgbékẹ́ kò tíì fi gbogbo ẹnu dá a lóhùn rí bí ó bá kúnlẹ̀ kí i. Lọ́jọ́ tí ó gbé ọmọ jáde, ìyá àgbà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bí ọmọ yẹn bá bọ́ síbẹ̀, má padà sínú agbo ilé yìí mọ́."

Sànúsí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ó ń nu gíláàsì ọkọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń nù ún lọ.

Abẹ́rẹ́ kò pa Làbákẹ́. Dókítà ti wò ó láàárọ̀ yìí, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n ilé wo? Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ó padà sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Julianah jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ ń sùn lórí itan rẹ̀, ẹrù rẹ̀ tó ti dì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti bu omi náà, Bàbá Làbákẹ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sínú kànga."

Julianah wò ó. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé àti ìbínú àti ẹ̀rín ti tán nínú rẹ̀.

"Kò burú," ó ní. "Mo ti sọ fún yín láàárọ̀ pé Ifẹ̀wàrà ni mò ń lọ, ilé bàbá mi. Ẹ ní ẹ ó gbé mi débẹ̀, mo ní ẹ ṣeun. Bí mọ́tò yín ò bá lè lọ, ọkọ̀ Ifẹ̀wàrà á gba iwájú ibí kọjá tí ọjà bá tú. Màá wọ̀ ọ́."

"Ìyá á yí padà. Ṣe sùúrù."

"Mo ti ṣe é, Bàbá Làbákẹ́. Gbogbo ìgbà tí a fi wà níbí, wọn ò fẹsẹ̀ kan tẹ ibí. Mi ò ní kí wọ́n fẹ́ràn mi o. Kí wọ́n ṣáà kí mi. Kí n kúnlẹ̀, kí wọ́n ní 'pẹ̀lẹ́'. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?"

Sànúsí wo Mọ́rísì rẹ̀ níbi tí ó dúró sí nínú oòrùn. Èrò kan wà ní ọkàn rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti rò ó pé ọ̀nà Ifẹ̀wàrà gùn tó ohun tí ọkùnrin fi lè bẹ aya rẹ̀. Bí òun bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí wọ́n tó débẹ̀, òun á ṣẹ́rí ọkọ̀ padà, ó di Òṣogbo. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọkọ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Bí Julianah bá sì fi lè wọ ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí, ta ni yóò lọ mú un padà, kí ni yóò sì fẹnu sọ?

"Jọ̀ọ́, má tíì lọ," ó ní. "Jẹ́ kí n lọ wá kọ́kọ́rọ́ mìíràn."

"Mo wà níbí títí ọkọ̀ Ifẹ̀wàrà á fi dé."

Wọ́n júwe ọkùnrin kan tí ń rẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún un lẹ́bàá ọjà, Ọlọ́rundáre lorúkọ rẹ̀. Sànúsí bá a lábẹ́ igi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó tẹ́tí sí ìtàn kànga náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ìkejì rẹ̀ dà?"

"Òun ló bọ́ sínú kànga, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín."

"Èyí tó bọ́ kọ́. Ìkejì rẹ̀ ni mò ń bèèrè."

"Ó wà nílé ní Òṣogbo. Inú agolo mílíìkì ló wà, nínú yàrá ìyá mi."

"Ẹ̀gbọ́n, eyín tí mi ò bá rí, mi ò lè gé e. Tí mo bá méfò, á dá sínú ibi ìṣíná, ọ̀kan á wá di méjì sí yín lọ́rùn. Ẹ lọ mú ìkejì wá, ẹ ó rí i bí mo ṣe máa rẹ́ ẹ."

"Tí mo bá rí ìkejì, kí ni mo tún fẹ́ fi yín ṣe?"

Ọlọ́rundáre rò ó wò. "Òótọ́ lẹ sọ," ó ní, ó sì tún gbá ẹ̀pà mú.

Sànúsí bèèrè rẹ́wáyà tí ó lè fi okùn iná kan ara wọn kí ẹ́ńjìnnì sì ṣí. Wọ́n ní rẹ́wáyà àdúgbò náà ti lọ síbi ìsìnkú kan ní Òṣú, kò ní í bọ̀ títí di ọ̀la. Ó wá kọrí sí ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni orí ti bá a ṣe é: Mùyídéènì, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Òṣogbo, ti kó èrò kún, ó ti ń gbéra.

"Mùyídéènì! Dúró ná! Bá mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá. Sọ fún wọn pé ọmọ bọ́ sọnù lọ́wọ́ mi ní Iléṣà, kí wọ́n fi ìkejì ránṣẹ́ kíákíá."

"Ọmọ Mọ́rísì?"

"Òun ni. Inú agolo mílíìkì ló wà. Wọ́n lè fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ lápá ibí."

"Ó ti débẹ̀," ni Mùyídéènì wí, ọkọ̀ sì lọ.

Bí àwọn awakọ̀ ṣe ń pè é nìyẹn. Àgádágodo ni ìyá, kọ́kọ́rọ́ ni ọmọ, kò sí ilé tí wọn kò ti mọ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kò ní sùúrù ọ̀rọ̀ gígùn, ọmọ lásán ni wọ́n ń pè é: ọmọ dà, ju ọmọ sí mi, ta ló mú ọmọ lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ti mọ́ èèyàn lẹ́nu, èèyàn kì í tún gbọ́ ọ mọ́ bí ó bá ń ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde.

Sànúsí padà sí ilé ìwòsàn. Ó yá ìwọ̀ kan, ó so ó mọ́ okùn, ó fi ń wá inú kànga. Ẹrẹ̀ ló ń gbé jáde, àti sálúbàtà ọmọdé kan tí kò ní èkejì. Ó dá a dúró. Julianah fún un ní àkàrà, ó jẹ ẹyọ kan, ó dá ìyókù padà. Ó kírun Aláásárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, nígbà tí ó sì forí kanlẹ̀, ó dà bí ẹni pé kí ó má dìde mọ́, kí ó kúkú sùn síbẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà tán ni bọ́ọ̀sì kan yà wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ ni Sàláúdéènì, àbúrò bàbá Sànúsí, ó ká ẹní tuntun sábẹ́ apá, ó gbé aṣọ funfun lọ́wọ́. Sikirat, àbúrò Sànúsí tí ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba, tẹ̀lé e, gèlè rẹ̀ ti di ọ̀já ìgbànú. Lẹ́yìn wọn ni Ìyá Àgbékẹ́ fúnra rẹ̀, láìwé gèlè, láìwọ bàtà. Ó kọjá níwájú ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Sànúsí wo ohun tí wọ́n kó dání. Aṣọ funfun, ẹní tuntun. Ẹnìkan ti kú nílé.

"Ta ló kú?" ó bèèrè. "Bàbá, ta ló kú?"

Sàláúdéènì gbá a mọ́ra. "Ṣe ọkùnrin, Àkànó. Ìnnà lillàhi. Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run ló gbà á."

"Mo ní ta ló kú?"

"Há! Ẹ dì í mú," ni Sàláúdéènì wí fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì. "Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dà á lórí rú."

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Julianah rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀. Kò lè dìde, nítorí ọmọ ṣì ń sùn lórí itan rẹ̀, ó sì fi aṣọ bò ó látorí dé ẹsẹ̀ nítorí eṣinṣin. Kí ó tó ní "Ẹ kú àbọ̀", Ìyá Àgbékẹ́ ti ṣubú lulẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Julianah! Julianah, ọmọ mi!"

Sànúsí kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. 'Aya Sànúsí' ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ, nígbà mìíràn 'ìyẹn' lásán.

"Ẹnu mi ni," ìyá àgbà ń sunkún. "Ẹnu mi burúkú ló ṣe é. Ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, mo ti kó o jẹ, Ọlọ́run gbọ́. Má lọ sílé bàbá rẹ. Dìde, jẹ́ ká lọ sílé, ilé rẹ ni. Ẹni tó gba èyí á fún ẹ ní òmíràn, ọwọ́ mi ni wàá bí i sí."

"Ìyá, kí ló dé?" Ẹ̀rù ti ń ba Julianah. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ariwo náà jí ọmọ. Làbákẹ́ fi ẹsẹ̀ ta aṣọ kúrò lójú, ó dìde jókòó, ó wo arúgbó tó wà nílẹ̀.

"Ìyá àgbà ṣubú," ó wí fún ìyá rẹ̀.

Sikirat figbe ta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí.

"Mùyídéènì ló pa mí o! Ó dúró ní iwájú ìsọ̀ mi l'Ọ́jà Ọba, ọlọ́pàá ń lé e kúrò níbẹ̀, ló bá nawọ́ láti inú ọkọ̀, ó ní, 'Sikirat, ẹ̀gbọ́n ẹ ní ọmọ bọ́ sọnù lọ́wọ́ òun ní Iléṣà, kí Ìyá gbọ́ o!' Ó tún ń sọ nǹkan kan bọ̀, mi ò gbọ́ ọ. Mo ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ ni," ni Sànúsí wí. "Ọmọ kọ́kọ́rọ́. Ti Mọ́rísì. Ó bọ́ sínú kànga."

Sàláúdéènì wo aṣọ funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́," ó ní. "Wọ́n sì ń gbẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé báyìí."

Ìyá Àgbékẹ́ dìde. Ó wá bá ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ lé àtẹ́lẹwọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́! Ìwọ Àkànó! Kọ́kọ́rọ́ lo fẹ́ fi pa mí!" Sànúsí dúró, ó ń gbà á. Nígbà tí ọwọ́ ìyá rọ̀, Sànúsí bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá wọ́n mú ìkejì dání, ìyá rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Wọn kò mú un dání. Aṣọ òkú ni wọ́n mú wá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní kí gbogbo wọn kúkú wọlé kí òun gbé wọn padà sí Òṣogbo, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbékẹ́ kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọmọ òun kò ní í wọ ọkọ̀ tí wọ́n fi wá gbé òkú rẹ̀. Sàláúdéènì àti Sikirat bá bọ́ọ̀sì náà padà, kí wọ́n lọ dá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ dúró, kí wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ wá. Sikirat ní òun fúnra òun ló máa mú un bọ̀, òun ò tún jẹ́ rán ẹnu mọ́ láyé.

Gbogbo rẹ̀ wá rọlẹ̀. Ìyá Àgbékẹ́ jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ó fi ìṣẹ́tí ìró nu ojú. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú náà ń padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Sànúsí ń wò ó bí ó ṣe ń padà.

"Ṣé ó ti ń jẹun?" ìyá rẹ̀ bi í, kò bi Julianah.

"Ó ń jẹun, Ìyá."

"Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ náà?"

"Wọ́n gún un."

"Hùn."

Julianah gbé ọmọ sí èjìká, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìrìnàjò."

"Hùn," ni ìyá àgbà wí, ó ń wo ibòmíràn.

Ọkọ̀ fọn fèrè lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ Ifẹ̀wàrà ni, ó kún fún àwọn tí ọjà tú mọ́ lórí, kọ́ńdọ́kítọ̀ sì ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Julianah dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé orí.

Sànúsí sún mọ́ ọn. "O ṣáà gbọ́ ohun tí Ìyá sọ nígbà tí wọ́n wà nílẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Julianah dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ìyá ọmọ tó kú ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ọmọ tèmi ò kú. Ṣé ó di ìgbà tó bá kú kí wọ́n tó mọ orúkọ mi?"

Sànúsí wo aya rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé àárẹ̀ tí ń ṣe òun láti ọjọ́ yìí kì í ṣe ti oorun. Ti ẹnu tí òun pa mọ́ ni. Ó lọ síwájú ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Kí ló tún dé?" ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá Julianah sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ báyìí tí ọmọ wà láàyè."

"Sànúsí, èmi lò ń bá wí?"

"Mi ò tó bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi náà á wọ ọkọ̀ Ifẹ̀wàrà. Tí Sikirat bá mú kọ́kọ́rọ́ dé, kó bá yín wá awakọ̀."

Ìyá Àgbékẹ́ ṣíjú wò ó. Ó pẹ́ tí ó ti ń wò ó níbẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin tó dojú bolẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́yìn orí. Lójú ọ̀nà, kọ́ńdọ́kítọ̀ ń ké pé, "Ifẹ̀wàrà ẹyọ kan! Ẹyọ kan ló kù o!"

"Julianah," ìyá àgbà pè é. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ìyá."

"O kú ewu ọmọ. Mi ò wá wò yín. Kò dáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn, mi ò ní kó o gbàgbé ẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n mo ti gbé e kúrò nílẹ̀."

Julianah dúró pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ léjìká. Kọ́ńdọ́kítọ̀ gbá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ọ̀dọ̀ wọn, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó fò mọ́ ọn, ọkọ̀ sì gbéra. Julianah wò ó títí ó fi yà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Làbákẹ́ lé itan arúgbó náà.

"Ẹ bá mi gbé e, Ìyá," ó ní. "Apá ń ro mí."